Ẹ̀gà Inú Ìlú àti Ẹ̀gà Ọ̀fun Dúdú: Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè tí ó bá ti ń hun ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹ̀gà. Wọn kò ṣìnà, ṣùgbọ́n irú ẹ̀gà ju ẹyọ kan lọ. Méjì tí a sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn ni Ploceus cucullatus, tí í ṣe ẹ̀gà inú ìlú, àti Ploceus nigricollis, tí mo máa pè ní ẹ̀gà ọ̀fun dúdú.

Ilé wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé nígbà tí àsìkò yíyé ẹyin bá kọjá, akọ ẹ̀gà inú ìlú máa ń pàwọ̀ dà títí yóò fi fara jọ abo. Bí ẹ bá rí ọ̀pẹ kan tí ilé so rọ̀ jìngbìnnì sí lára, tí wọ́n ti fa imọ̀ rẹ̀ ya títí tí ó fi ṣẹ́ ku igi lásán, tí ariwo kò sì dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gà inú ìlú ni. Akọ ni ó ń hun ilé náà. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, yóò dorí kodò sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa gbọn ìyẹ́ pàpàpà kí abo lè wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí abo kò bá gbà á, akọ a tú ilé náà palẹ̀, a sì tún òmíràn hun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo èyí, nítorí ó wú mi lórí púpọ̀.

Ẹ̀gà ọ̀fun dúdú kì í péjọ. Takọtabo ni ẹ ó bá nínú igbó tàbí láàárín igi kajú, tí wọ́n ń wá kòkòrò jẹ lábẹ́ ewé. Ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ gùn bí ihò ọparun tí ó kọjú sísàlẹ̀.

Ẹ wá wo ojú. Ẹyinjú akọ ẹ̀gà inú ìlú pupa, orí rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àdàlú dúdú àti ìyeyè. Ní ti ẹ̀gà ọ̀fun dúdú, ẹyinjú rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tí ó ti gbó, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni lé tìróò. Abo náà ní ìlà yìí. Ọ̀fun akọ nìkan ni ó dúdú.

Ẹ má ṣe fi ẹyin dá wọn mọ̀. Ẹyin ẹ̀gà inú ìlú lè funfun, ó lè ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì lè ní tótòtó lára, ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé títí ayé rẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó lè dá ẹyin àjèjì mọ̀ bí ẹyẹ mìíràn bá wá yé tirẹ̀ sínú ilé rẹ̀.