Fáànù ò sinmi, epo ń tán kíá: ṣé séńsọ̀ ooru omi ẹ́ńjìnnì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá wa ọkọ̀ mi láti Àpáta dé Bódìjà tí mo pa á, ó máa ń ṣòro kó tó tún sítáàtì, èéfín dúdú ni yóò sì kọ́kọ́ tú jáde. Fáànù rẹ̀ kì í dúró. Epo ọjọ́ mẹ́ta ò tó ọjọ́ méjì mọ́. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra séńsọ̀ ní Gate. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ. Àmì wọ̀nyí bá séńsọ̀ mu lóòótọ́, àmọ́ wọ́n bá wáyà tó já náà mu, ó sì máa ń dùn mí bí ènìyàn bá ra ohun tí kò bàjẹ́. Séńsọ̀ yìí ló ń sọ fún bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bó bá sọ pé ó tutù nígbà tó ti gbóná, epo ni yóò máa dà sí i bí ìgbà ọyẹ́. Bí bréènì bọ́ọ̀sì ò bá gbúròó rẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á tan fáànù sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má sítáàtì, ẹ fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ń rí, wò ó. N'Ìbàdàn níbí, bíi 25°C ló yẹ kí ẹ rí, kó sì súnmọ́ ti afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ mínọ́ọ̀sì 40 ni, tí kóòdù P0118 sì wà níbẹ̀, ọ̀nà iná séńsọ̀ ti já níbìkan. Ẹ yọ wáyà kúrò lẹ́nu séńsọ̀, kí ẹ fi wáyà kékeré so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí nọ́ńbà bá fò kọjá 120, séńsọ̀ ló kú. Bó bá dúró sí mínọ́ọ̀sì 40, rìwáyà ni kí ẹ pè.

Ìbéèrè: Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná nìkan ni mo ní o.

Ìdáhùn: Ó tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, séńsọ̀ tó tutù máa ń ka nǹkan bí 2,000 sí 3,000 óòmù, ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná. Ẹ rì í sómi gbígbóná: kó máa wálẹ̀ ni, títí dé nǹkan bí 300 bí omi bá dé 80°C. Èyí tí kò wálẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀, èyí tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná, láti ọdún tó kọjá. Ṣé ó kàn án?

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná, séńsọ̀ á sì sọ òótọ́ pé ó tutù. Epo á máa lọ, kò sì sí séńsọ̀ tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yẹ omi rédíétọ̀ wò pẹ̀lú, nígbà tó bá tutù nìkan o, torí bí omi bá lọ sílẹ̀, irọ́ ni séńsọ̀ á máa kà.

Bó bá wá jẹ́ séńsọ̀ ní tòótọ́, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Gate. Ọkọ̀ mìíràn ní méjì: ẹlẹ́sẹ̀ kan fún gééjì dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ méjì fún bréènì bọ́ọ̀sì. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lẹ̀ ń wá.