Bí a ṣe ń fi iná àbẹ́là kọ́ ọkàn láti dúró sójú kan

Ẹ ka ojú ìwé kan tán, ẹ ò sì lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ojú ló kàwé. Ọkàn ti lọ sọ́jà. Àwọn oníyóga ilẹ̀ Íńdíà ní ohun tí wọ́n fi ń wo irú èyí, trataka lorúkọ rẹ̀: kéèyàn tẹjú mọ́ nǹkan kékeré kan láìṣẹ́jú títí omi á fi lé ròrò sójú. Ó ti wà nínú Hatha Yoga Pradipika, ìwé tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15. Àmì kékeré ni ìwé náà sọ, àmọ́ àbẹ́là ló rọrùn jù.

Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, torí bí iná bá ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ojú yín á máa bá a jó. (Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ìyẹn ti dín iṣẹ́ kù.) Ẹ gbé àbẹ́là sínú àwo lórí tábìlì, kó jìnnà sí yín tó gígùn apá, kó sì ṣe déédéé ojú yín. Ẹ yọ gíláàsì ojú. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn nà, kí èjìká rọ̀. Tí orúnkún bá ń ro yín, àga ni kí ẹ lò. Ẹ sọ fún ará ilé o, kí wọ́n má baà rò pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ẹ mí sínú, ẹ mí síta nígbà 10, jẹ́jẹ́. Ó wá ku wíwò. Ẹ wo ṣóńṣó òwú, ibi tó pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ má ṣẹ́jú, ẹ má sì ranjú bí ẹni tó fẹ́ jà. Bí ojú bá ti ń ta yín, ẹ dijú. Ìṣẹ́jú 1 ti tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iná náà á ṣì hàn nínú òkùnkùn, á máa yí àwọ̀, á máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa wò ó títí á fi parẹ́, kí ẹ tó tún lajú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọkàn á sá lọ. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, á ti dé ìdí owó ilé àti ohun tí ọ̀gá sọ lánàá. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Inú ọ̀rọ̀ Sanskrit tó túmọ̀ sí kí a so nǹkan pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àjàgà so màlúù méjì, ni "yóga" ti wá. Màlúù inú àjàgà náà ṣì máa ń yà bàrá. Àgbẹ̀ á fà á padà sí poro. Ẹ fa tiyín padà sídìí òwú. Bó bá sá nígbà 20, tí ẹ fà á padà nígbà 20, ìgbà 20 lẹ ti kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ má bú ara yín: ẹni tó ń bú ara rẹ̀ ti kúrò nídìí iná. Patanjali, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ tí wọ́n ní ó kọ ìwé Yoga Sutra, pe síso ọkàn mọ́ ojú kan yìí ní dharana, ìpele 6 nínú ìpele 8 tí yóga ní. Àṣàrò gan-an, dhyana, wà ní ìpele 7. Ẹni tó bá ní òun ò mọ àṣàrò ṣe, ó lè jẹ́ pé àkàbà ló fò.

Oní-glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́), oníwárápá àti ẹni tí túúlu ń yọ lẹ́nu, ẹ má fi iná ṣe é. Ẹ dijú, kí ẹ máa ka èémí láti 1 dé 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá parí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀, ẹ fẹ́ àbẹ́là pa. Ẹ wá ṣí ìwé ọ̀hún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé yẹn.