Bí mo ṣe fi sẹ́ńsọ̀ aláìníwáyà darí iná oríta

Oríta mẹ́rin ni mo ṣe é sí. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba sẹ́ńsọ̀ méjì: ọ̀kan níbi ìlà tí ọkọ̀ ti ń dúró, èkejì ní mítà 40 sẹ́yìn. Mítà 40 yẹn nídìí: ọkọ̀ tó ń sá 50 km/h á rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3, òun náà ni mo sì fi ń sún iná ewé síwájú bí ọkọ̀ bá kọjá lórí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn.

Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: QMC5883L tó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ (irin ara ọkọ̀ ló ń dà á rú), Arduino Pro Mini oní-3.3 V (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀), rédíò nRF24L01+ àti bátìrì. Ẹ yẹ àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí Arduino fi ń pe sẹ́ńsọ̀) wò kí ẹ tó kọ kóòdù: HMC5883L, sẹ́ńsọ̀ òòfà mìíràn tó jọ ọ́, wà ní 0x1E, QMC ní 0x0D, QMC tí wọ́n ń tà bíi HMC sì pọ̀ lọ́jà.

Ẹ so capacitor 47 µF (ó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́) mọ́ VCC àti GND, ẹsẹ̀ méjì tí iná ń gbà wọlé, lẹ́bàá rédíò gan-an. Láìsí i, iná bátìrì á já wálẹ̀ nígbà tí rédíò bá ń ránṣẹ́, iṣẹ́ tó ń rán á sọnù, ẹ ó sì máa bá eriali jà lásán.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù nìyí. Ooru àti òtútù máa ń yí ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà padà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa tún òṣùwọ̀n ọ̀nà tó ṣófo ṣe díẹ̀díẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró gbàrà tí ọkọ̀ bá gorí rẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ọkọ̀ tó pẹ́ nídìí iná pupa á di ara ọ̀nà. Bó bá wá lọ tán, sẹ́ńsọ̀ á máa rí ọkọ̀ tí kò sí. Òdiwọ̀n méjì ni mo lò, gíga fún dídé, kékeré fún lílọ, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan má baà di méjì.

Iná ewé kì í dín ní ìṣẹ́jú àáyá 7, kì í ju 45 lọ. Yẹ́lò jẹ́ 3, pupa fún gbogbo ọ̀nà jẹ́ 2. Sẹ́ńsọ̀ ò láṣẹ lórí ìwọ̀nyí rárá.

Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ pé òun wà láàyè ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Bó bá dákẹ́ fún 30, ọ̀nà yẹn á máa gba iná ewé ìṣẹ́jú àáyá 25 nígbàkigbà tó bá kàn án. Ẹ má kà á sí òfo o; bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró níbẹ̀ ò ní rí iná ewé láéláé.

Wáyà relay (ṣíìṣì tí iná ń tàn tó sì ń pa) ni mo fi dènà kí iná ewé ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn má lè tàn pọ̀. Mi ò fi ìyẹn sílẹ̀ fún kóòdù.