Ìgò méjì nínú àgò kan: bí a ṣe ń mọ èkúté tó fẹ́ràn ọtí

Èmi ni mò ń tọ́jú èkúté ní láàbù wa. Ìbéèrè kan náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe ń mọ èyí tó fẹ́ràn ọtí?" Ẹ̀yin àbúrò mi, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ wá ìran méjì: C57BL/6J àti DBA/2J. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ti ń bá ara wọn gùn láti ọjọ́ pípẹ́, tí jíìnì àwọn tó wà nínú ìran kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. C57BL/6J ń mutí. DBA/2J kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Láti 1959 tí McClearn àti Rodgers ti kọ nípa bí ìran èkúté ṣe yàtọ̀ síra lórí ọtí la ti mọ̀ pé àbímọ́ wà níbẹ̀.

Èkúté kan, àgò kan. Ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ògidì ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn èròjà tó ń pani nínú ọtí, ni kí ẹ fi po ọtí náà mọ́ omi. Ẹ má ra tinú ṣọ́ọ̀bù, torí ṣúgà àti òórùn rẹ̀ á dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3%, ẹ gòkè sí 6%, kí ẹ tó dé 10%. Ìgò omi kan, ìgò ọtí kan. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé: èkúté mìíràn fẹ́ràn ọwọ́ ọ̀tún ni, kì í ṣe ọtí. Ẹ máa pààrọ̀ ipò ìgò náà lóòrèkóòrè. Ẹ sì gbé ìgò méjì sínú àgò òfìfo kan. Ohun tó bá jò níbẹ̀ lẹ máa yọ kúrò nínú ìṣirò yín.

Ẹ wá wọn èkúté náà fúnra rẹ̀. Ká ní abo tó wúwo tó giráàmù 20 àti akọ tó tó 28 mu mìlílítà 3 ọtí 10% lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìgò á sọ pé wọ́n dọ́gba. Irọ́ ni: abo mu bíi giráàmù ẹtánọ́ọ̀lù 12 fún kílò ara kan, akọ mu bíi 8.5. Bí abo náà bá tún mu omi mìlílítà 1, a jẹ́ pé 75% ohun tó mu ló jẹ́ ọtí. Ẹ kọ èsì méjèèjì sílẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Nínú C57BL/6J, abo ló sábà máa ń mu ju akọ lọ bí a bá fi ìwúwo ara wọn ṣe é. Àwọn kan ṣì ń fi abo sílẹ̀, wọ́n ní àyípo ìbísí ara rẹ̀, tó ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, á da iṣẹ́ rú. Ọ̀lẹ ni mo ka ìyẹn sí.

Kí ẹ tó dá jíìnì DBA/2J lẹ́bi, ẹ yẹ ahọ́n rẹ̀ wò. Nígbà táwọn olùwádìí jẹ́ kí èkúté gba ọtí sínú ikùn tààrà, láìkan ẹnu, DBA/2J náà gbà á. Ó lè jẹ́ pé bí ọtí ṣe rí lẹ́nu ni kò fẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn ọtí, ẹ fún wọn ní omi lásán fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún wá gbé ìgò méjì kalẹ̀: omi àti sákárínì tó ń dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, omi àti kuiníìnì tó korò.