Láti orí ìwé ìjàǹgbara sí ìwé ẹ̀mí àti lámèyítọ́ àṣà: ìmọ̀ràn fún atẹ̀wéjáde

Ẹ má ṣe kó ìwé ìjàǹgbara òṣèlú kúrò lórí àtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí wọ́n ń pa wọlé ni yóò gbọ́ bùkátà àwọn tuntun. Ẹ kọ́kọ́ tú ìwé àdéhùn wò: bí ẹ̀tọ́ ìtẹ̀wé bá ti padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ẹ kò gbọdọ̀ tún ìwé náà tẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀. Lámèyítọ́ àṣà, ìyẹn ìwé tó ń yẹ àṣà wò fínnífínní, ni kó ṣíwájú, torí òǹkàwé òṣèlú mọ ohùn rẹ̀. Ìwé ẹ̀mí ló máa ń bí wọn nínú: wọn a ní ẹ ti sá lójú ogun. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ojú ewé méjì, tó sọ ìdí ìyípadà láìfi bò, ló ń pẹ̀tù sí i. Ẹ tẹ ẹ̀dà 300 ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ bá yí padà gidi, ẹ gba ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) tuntun. Àtúntẹ̀ lásán kò nílò rẹ̀.