Bí ẹ ṣe lè mọ iye tí ilé yín tó ní Ìlọrin kí ẹ tó gba iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé ní Ìlọrin báyìí, fóònù ló kọ́kọ́ ń dì mú. Á tẹ "ilé oníyàrá mẹ́rin, Tanke", á rí owó bíi mẹ́ta, á sì mú èyí tó ga jù lọ bá àwọn ẹbí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbà kí owó náà wálẹ̀ mọ́. Mo ti rí ilé tó dúró sí ọjà títí koríko fi hù lórí fẹ́ǹsì rẹ̀ nítorí irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé ilé jọ: survey plan, C of O bó bá wà, rìsíìtì àwọn onílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ilẹ̀ fúnra yín. Pulọ́ọ̀tì kan níbí sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu wọ̀n ọ́n. Téèpù gígùn onímítà 30 ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ ra okùn ọ̀rá, ẹ so kókó sí i ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Téèpù kékeré àwọn káfíńtà kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí bí ẹ ṣe ń gbé e síwájú ni àṣìṣe ń kún àṣìṣe.

Ó kan iye tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Zillow, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé, ti ń fi kọ̀ǹpútà díye lé ilé láti 2006, Zestimate ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, owó tí wọ́n san lórí ilé wà nínú ìwé ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, òun ni kọ̀ǹpútà náà gbójú lé. Síbẹ̀, Zillow fúnra rẹ̀ ní Zestimate kò lè rọ́pò iṣẹ́ adíyelé ilé. Fún ilé tí wọ́n ti gbé sí ọjà, ìdajì àwọn ìdíyelé rẹ̀ ni kò fi ju nǹkan bí dọ́là 2 nínú 100 tàsé iye tí wọ́n ta ilé náà gan-an. Fún ilé tí kò sí lọ́jà, ó tó nǹkan bí 7. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ni pé bí ẹni tó ni ilé bá ti dárúkọ owó, kọ̀ǹpútà náà ti rí ibi tó máa fara tì. Ní 2016, Spencer Rascoff, ọ̀gá àgbà Zillow nígbà yẹn, ta ilé rẹ̀ ní Seattle ní $1.05 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ Zestimate ń pè é ní nǹkan bí $1.75 mílíọ̀nù.

Tiwa kò tilẹ̀ débẹ̀. Owó tí ẹ ń rí lórí àwọn ìkànnì tó ń polówó ilé ní Nàìjíríà, owó tí ẹni tó fẹ́ tà ń retí ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ iye tí wọ́n san gan-an síta fún aráyé. Ẹ má ṣe ro owó ìpolówó mẹ́wàá pọ̀ kí ẹ wá pín in sí mẹ́wàá. Ìrètí èèyàn mẹ́wàá lẹ kó jọ yẹn. Èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, ẹ yọ wọ́n. Èyí tó ti pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ yọ òun náà. Ẹ fi àwọn tó kù ṣe àkójọ àdírẹ́sì, ẹ gbàgbé owó ara wọn.

Àdírẹ́sì yẹn lẹ máa gbé lọ sí àdúgbò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì, torí owó tirẹ̀ wà nínú iye tó bá dárúkọ. Bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè, ìyá tó ń ta nǹkan níwájú ilé, bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ bi nípa ilé tí wọ́n ti tà nítòsí.

"Ẹ jọ̀wọ́ Bàbá, ilé tí wọ́n tà yìí, ṣé iye tí wọ́n pè é náà ni wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà kẹ̀! Bọ́ọ̀dù yẹn pẹ́ lára fẹ́ǹsì. Ẹni tó rà á já owó wálẹ̀ dáadáa, ó tún ní kí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀."

Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n san án. Owó tí wọ́n fi ra ilé kí náírà tó já ní oṣù kẹfà 2023, ẹ má gbé e jókòó ti owó òní. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n san án tán. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà òjò, pàápàá bó bá sún mọ́ odò Asà, ẹ wo ibi tí omi gbà lára ògiri. Kò sí fọ́tò orí ìkànnì tó máa fi yẹn hàn yín. Ilé mẹ́ta tí ẹ mọ ìtàn owó wọn dáadáa sàn ju ọgbọ̀n ìpolówó lọ.

Bó bá jẹ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Tanke ni, ẹ ṣírò owó ilé ọdún kan, ẹ yọ owó àtúnṣe, ẹ wo ọdún tí ẹni tó rà á máa lò kó tó rí owó rẹ̀. Àwọn ayálégbé ò ní fi iye tí wọ́n ń san pa mọ́ fún yín.

Nígbà náà lẹ wá pe adíyelé ilé. Kì í ṣe surveyor tó ń rì bíkìn mọ́lẹ̀ o! Estate surveyor and valuer ni, ESVARBON, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ torí owó tí ẹ fẹ́ yá ní báńkì ni, ẹ kọ́kọ́ bi báńkì, torí wọ́n ní àwọn tí wọ́n máa ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sọ iye tó wù yín fún adíyelé náà. Ẹ kó ìwé yín àti ìtàn ilé mẹ́ta yẹn fún un, kí ẹ dákẹ́. Á wọnú gbogbo yàrá, á fi ilé yín wé èyí tí wọ́n tà, á ṣírò iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, á yọ ti ọjọ́ tó ti lò, á sì wo owó tó ń mú wọlé. Ìwé rẹ̀ sábà máa ń gbé owó méjì jáde: iye tí ọjà gbé e, àti iye tí wọ́n lè rí bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ tà á kíákíá. Ẹni tó bá ń kánjú, èkejì ni kó mú dání. Adíyelé méjì lè má sọ iye kan náà, ṣùgbọ́n ẹ lè bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé báwo ló ṣe dé ibẹ̀, á sì ṣàlàyé, torí ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Erin-Ilé, ẹ fo ti íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ilé tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ jẹ́ ilé tí àwọn ọmọ ìlú kọ́ láti òkè òkun, owó tí wọ́n ná sí i sì lè ju iye tí ẹnikẹ́ni máa fi rà á lọ fíìfíì. Adíyelé tó ti ṣiṣẹ́ nínú ìlú yẹn gan-an ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó máa gbé owó GRA Ìlọrin wá bá yín.