Ọjọ́ 16 lórí odò Colorado, láìsí kọfí

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ mi ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́fà ló fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti tukọ̀ lórí odò Colorado gba inú Grand Canyon kọjá, àfonífojì ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ibẹ̀, ló ń ṣẹ́ kèké fún un lọ́dọọdún, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ ju àyè tó wà lọ fíìfíì. Lóru ọjọ́ tí kèké mú un, ó pè mí lórí fóònù.

“Àbúrò, ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?”

“Mo lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo pa.

Ìwé àṣẹ tiwa yàtọ̀ sí ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àlejò gba odò náà. Kò sí atukọ̀ tí a sanwó fún. Àwa là ń tukọ̀, àwa là ń dáná, àwa là ń tọ́jú ọgbẹ́ ara wa. Ènìyàn kò gbọdọ̀ ju 16 lọ. Oṣù June la lọ, ọjọ́ 16 sì ni wọ́n fún wa láti Lees Ferry, níbi tí a ti ń wọ odò, dé Diamond Creek, níbi tí a ti ń jáde, tó jẹ́ nǹkan bíi máìlì 226. Àwọn tó ń lọ nígbà òtútù lè lò tó ọjọ́ 25. Kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é.

Odindi ọjọ́ kan la fi di ẹrù ní Lees Ferry. Ọkọ̀ rọ́bà márùn-ún la fẹ́ atẹ́gùn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. A gbé férémù irin lé e, a to kúlà, àpótí oúnjẹ, àgọ́ àti tábìlì sínú rẹ̀, a sì fi bẹ́líìtì ìdẹrù fà á le. Ọ̀gá ibẹ̀ kan wá yẹ ẹ̀wù ìléfòó wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo àpótí oògùn, ó wo àwo irin tí a ó máa dáná nínú rẹ̀, ó ní kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ lójoojúmọ́: kí a di ẹrù bí ẹni tó ti rí i lójú àlá pé ọkọ̀ yóò dojú dé.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ebi ń pa mí, oòrùn ti mú, mo kàn ki àpótí kọfí bọ abẹ́ àpò kan, mo sì gbà pé àpò yẹn ti tó láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ibi omi ríru tó lókìkí la ti ṣubú. Ní máìlì kẹrìnlélógún ni, ní agbègbè tí omi ríru ti ń tẹ̀ lé ara wọn débi pé a kì í sọ̀ kalẹ̀ wò wọ́n mọ́. Ìgbì kan gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà ọ̀tún gbéra, mo rí àjẹ̀ tó ń lọ sókè, lẹ́yìn náà abẹ́ omi ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, òtútù omi náà! Ìta ń gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ adágún tí ìsédò Glen Canyon sé láti ọdún 1963 ni omi yìí ti ń wá, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀. Àyà mi ká kò, mi ò lè mí. Okùn tí a ti so mọ́ ìdí ọkọ̀ ṣáájú ni mo fi gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ méjì mìíràn fà wá bọ́ síbi tí omi ti ń yí padà sẹ́yìn létí odò, ènìyàn mẹ́sàn-án sì fa okùn kí ó tó yí padà.

Gbogbo ẹrù wà níbẹ̀, àfi kọfí.

Wọn ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ènìyàn 15 jókòó yí ìkòkò omi gbígbóná ká, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rọra sọ ìtàn John Wesley Powell fún mi, ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 1869 pẹ̀lú apá kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́rin rẹ̀ fọ́ nígbà tí wọn ò tíì rìn jìnnà, oúnjẹ púpọ̀ sì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Grand Canyon, ìyẹ̀fun tó ti bu àti èso ápù gbígbẹ díẹ̀ ló kù wọ́n kù, ṣùgbọ́n kọfí wọn pọ̀ rẹpẹtẹ. “Ó sàn fún wọn jù wá lọ,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń di ẹrù ọkọ̀ wa, tí mo sì ń yẹ ti àwọn yòókù wò kí a tó kúrò níbikíbi. Mo tún kọ́ pé okùn tí a fi so ọkọ̀ mọ́ etí odò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí àwọn ìlú tó ń lo iná ìsédò bá ṣe ń fẹ́ iná sí ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀, nítorí náà odò máa ń ga, ó sì máa ń fà lóru. Ẹ lè so ọkọ̀ sínú omi kí ẹ jí bá a lórí iyanrìn. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìgbẹ́ wa ńkọ́? A kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eérú iná àti pàǹtírí. Látijọ́, orí àpótí irin tí ológun ń kó ọta ìbọn sí ni wọ́n ń jókòó lé. Bí ènìyàn bá dìde, ìlà méjì á ti fà sí ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àpótí náà ní groover títí dòní, nítorí “groove” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìlà bẹ́ẹ̀. Tiwa ní ìjókòó, a sì máa ń gbé e síbi tó kọjú sí odò. Mi ò tíì rí ilé ìgbẹ́ tí ìran ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ní tirẹ̀, inú odò ni òfin ní kí a máa tọ̀ ọ́ sí, nítorí òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, bí gbogbo ẹgbẹ́ bá sì ń tọ̀ sórí iyanrìn díẹ̀ tó wà létí odò, òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn.

Ohun tó bá mi jà jù ni àtẹ́lẹsẹ̀. Omi, iyanrìn, oòrùn, omi: ó là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìpara àti ìbọ̀sẹ̀ lálaalẹ́ ló gbà mí. Ẹ má ṣe fi bàtà sílẹ̀ lóru láìgbọ̀n ọ́n láàárọ̀, àkeekèé wà níbẹ̀.

Ní máìlì kejìdínláàádọ́rùn-ún, a dé Phantom Ranch, ilé àlejò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì náà, a mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ tútù, mo sì fi káàdì ránṣẹ́ sílé, èyí tí ìbaaka máa gbé gun òkè. Ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ kan tí a bá létí odò fún wa ní àpò kọfí kan, a fi àlùbọ́sà ṣe pàṣípààrọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tán.

Lava Falls, ibi omi ríru tó wà ní máìlì 179, ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wákàtí kan la fi dúró lórí àpáta, tí a ń wo ihò omi náà, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A wọ̀ ọ́ láti apá ọ̀tún. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí a fi jáde, ọkọ̀ kún fún omi, kò sì sí ohun tó sọnù. Mo sunkún díẹ̀, mo ní omi ló tà sí mi lójú.

Ní Diamond Creek, lórí ilẹ̀ àwọn Hualapai, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, a tú ẹrù lábẹ́ oòrùn tó ń sun ìpàkọ́. Gbogbo bẹ́líìtì tú, àfi ọ̀kan tí mo fà mọ́ àpótí tí a tún kó kọfí sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n fà á, ẹni kẹta dara pọ̀, kò mira. Ọ̀bẹ la fi gé e.